Ìwúkàrà Ilé Brynjulv

Nígbà tí Gunnvor kọ́kọ́ fojú kan Sjur, ṣọ́bìrì ló gbé dání, ó fẹ́ fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ọ̀sán kan nínú oṣù Ọ̀wàrà ni. Òjò ìlú Voss ń rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀, ìyẹn ni pé kò dáwọ́ dúró láti àárọ̀. Ọmọbìnrin náà ń gun òkè lọ sí oko Brynjulv nígbà tó gbọ́ igbe ọkùnrin láti inú ilé ìpọntí. Igbe ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Gunnvor kò dúró ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa ṣọ́bìrì kan tó fara ti ògiri, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì já wọlé.

Inú èéfín àti òórùn ewé júnípà tí wọ́n ń sè mọ́ ọtí ló ti rí i: ọkùnrin gíga kan, irun rẹ̀ pọ́n bíi bàbà, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó tẹ orí sí ẹnu àgbá ńlá kan, ó ń pariwo sínú rẹ̀ débi pé iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Kò sí olè níbẹ̀, kò sì sí ẹranko. Òun àti àgbá ọtí nìkan ni.

"Ta ló ń pa yín?" Gunnvor bèèrè, ṣọ́bìrì ṣì wà lókè.

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. Ó wo ṣọ́bìrì, ó wo bàtà tó kún fún ẹrẹ̀, ó wá wo ojú ẹni tó ni wọ́n. "Kò sẹ́ni tó ń pa mí. Ìwúkàrà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ọtí."

"Ìwúkàrà ló ní kẹ́ ẹ máa ké bí ẹni tí iná ń jó?"

"Béèyàn ò bá ké mọ́ ọn, oorun ni yóò máa sùn, ọtí á sì tẹ́. Bàbá mi ń ké mọ́ ọn, bàbá tó bí i náà ké mọ́ ọn." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń kí èèyàn níbi tẹ́ ẹ ti wá?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Gunnvor kó tó mọ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sì sọ ohun tó gbé e wá. Òun ni alásè tuntun ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré etí adágún ìsàlẹ̀. Ìlú Bergen ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó sì ní ìgbàgbọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀: pé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ọtí tirẹ̀ láyé, àfi kéèyàn wá a rí. Ó ti gbọ́ pé ọtí ilé Brynjulv ò jọ tẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ tọ́ ọ wò.

Sjur bu ọtí tí wọ́n pọn lóṣù tó kọjá sínú abọ́ onígi, ó gbé e fún un. Gunnvor mu ún, ó di ojú. Ó yí ọtí náà ká ẹnu dáadáa kó tó gbé e mì.

"Ọsàn," ó sọ níkẹyìn. "Ẹ ò fi ọsàn sí i, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọsàn lẹ́nu mi. Ìwúkàrà yẹn ló ń ṣe é. Kí lẹ máa ń jẹ pẹ̀lú rẹ̀?"

"Ohunkóhun tó bá wà nílé."

"Háà! Ẹ bí ọmọ tó rẹwà báyìí, ẹ wá ń fi í fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn?"

Kí wọ́n tó mu abọ́ kejì tán, "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, "ìwọ" ló kù. Sjur sọ fún un pé lórí òkè wọn, bí ìwúkàrà ẹnì kan bá kú, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ń lọ tọrọ òmíràn, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tán láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bàbá òun nìkan ni kì í fúnni, tí kì í sì í gbà. Ọ̀rọ̀ tí Brynjulv máa ń fi ṣe ìyangàn ni pé, "Ìwúkàrà ilé yìí kò jáde rí, ti ẹlòmíì kò sì wọlé rí." Ká má purọ́, ahun ni Brynjulv. Gbogbo àwa tí a jọ ń gbé òkè yẹn la mọ̀.

Gunnvor ní ọtí náà yóò bá orí àgùntàn mu, èyí tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sì yan lórí èéfín. Sjur ní rárá o, ọtí líle ni wọ́n fi ń sin orí àgùntàn lọ sí ikùn, láti ayé àwọn baba ńlá wọn.

"Wá ní Sọ́ńdè," Gunnvor sọ. "Gbé ọtí rẹ wá. Tí mo bá pa irọ́, kí o máa pè mí ní òpùrọ́ títí ayé."

Sjur lọ. Kí á sọ òótọ́, kì í ṣe nítorí ọtí ló ṣe lọ. Ó fẹ́ wo bí ọmọ Bergen yóò ṣe ṣe nígbà tó bá kan ojú àgùntàn, torí pé etí àti ojú ni à ń kọ́kọ́ jẹ, kó tó tutù. Gunnvor yọ ojú náà, ó jẹ ẹ́, ó mu ọtí lé e, ó sì na fọ́ọ̀kì sí àwo Sjur. "Ṣé wàá jẹ tìẹ, àbí kí n bá ẹ jẹ ẹ́?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn Sjur ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti ń rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti kọjá òun. Ọtí náà sì bá orí àgùntàn mu. Èéfín inú ẹran àti èéfín inú ọtí dì mọ́ra wọn, ọsàn yẹn sì gé ọ̀rá kúrò lẹ́nu.

Láti ìgbà náà, Sọ́ńdè kan ò lọ lásán. Wọ́n jẹ ẹran àgùntàn àti kábéèjì pẹ̀lú ọtí tuntun tó ṣì ládùn. Wọ́n jẹ ẹja odò tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ títí ó fi kan, Gunnvor sì ní kí Sjur fi ọtí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí adùn rẹ̀ lè tán dáadáa, kí òun àti ẹja náà má bàa bára wọn jà. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ó ń pe Sjur ní "aláriwo mi." Sjur ń pè é ní "oníṣọ́bìrì mi." Nígbà tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́ lóṣù Bélú, wọ́n ti ń di ọwọ́ ara wọn mú ní gbangba, gbogbo ìlú sì ti rí wọn.

Brynjulv náà rí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ìyàwó rẹ̀, Åsne, ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, òun àti Sjur nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn.

"Ará Bergen ni," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Bí yìnyín bá dé, wọ́n á dé. Bí yìnyín bá yọ́, wọ́n á lọ."

"Bàbá, alásè ni, kì í ṣe ẹni tó wá ṣeré."

"Ó dáa. Kó wá se oúnjẹ Kérésìmesì fún wa. Bó bá rí oúnjẹ tó bá ọtí Kérésìmesì mi mu, màá pa ẹnu mi mọ́. Bí kò bá rí i, kó máa bá tirẹ̀ lọ, kí ìwọ náà jókòó ti oko rẹ."

Sjur jíṣẹ́ fún Gunnvor. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì fẹ́ kó di pé ó ní láti yan bàbá rẹ̀ tàbí òun.

Ní tiwa, ọjọ́ Tọ́másì Mímọ́ kì í bá ọtí Kérésìmesì lórí iná. Kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Ọ̀pẹ, gbogbo ilé ti gbọ́dọ̀ pọn tiwọn tán. Ṣáájú ìyẹn ni ìfọṣọ ńlá máa ń wáyé. Kò sí kọ́tìnnì, kò sí aṣọ tábìlì, kò sí igun ilé tí omi kì í kàn. Ọjọ́ kejìdínlógún, Gunnvor gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó gun òkè lọ láti bá wọn fọ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó kàn fẹ́ kí Brynjulv rí i pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

Sjur wà nínú igbó, ó ń gé ewé júnípà. Brynjulv wà lọ́dọ̀ àwọn àgùntàn. Gunnvor fọ èyí tó wà nísàlẹ̀, ó gun àjà lọ. Níbẹ̀, lórí ìṣó kan, ó rí aṣọ ọ̀gbọ̀ kan tó gan bí awọ, ó ti dọ̀tí, nǹkan kan sì gbẹ mọ́ ọn lára bí ìpẹ́pẹ́. Àánú ṣe é. Ó ní, ẹ wo ilé ọkùnrin méjì tí kò sóbìnrin. Ó mú aṣọ náà sọ̀kalẹ̀, ó fi ọṣẹ sè é nínú omi gbígbóná, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì bó o títí ó fi funfun báláú. Ó sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, inú rẹ̀ sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé ìpọntí, ìwúkàrà ti wà nínú àgbá kó tó wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé, bí ọtí bá ti jinná, wọ́n máa ń ri aṣọ ọ̀gbọ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbá, wọ́n á gbé e kọ́ kó gbẹ, ìwúkàrà á sì sùn sínú rẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ohun tí ẹnìkan bá ti mọ̀ láti kékeré, ó máa ń rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Sjur wọlé pẹ̀lú ewé júnípà ní apá. Ó rí aṣọ funfun náà. Ewé bọ́ sílẹ̀.

"Gunnvor. Kí lo fi fọ ìyẹn?"

"Omi gbígbóná àti ọṣẹ. Wo bó ṣe mọ́…"

"Ìwúkàrà wa nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè wọ̀ ọ́ létí. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Brynjulv ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. Ó rìn wọlé, ó mú aṣọ náà, ó gbé e sí imú, òórùn ọṣẹ ló gbọ́. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. "Ìran mẹ́fà," ló sọ. Ó rọra gbé aṣọ náà padà. "Kó máa lọ."

Gunnvor wo Sjur. Ìgbà yẹn ló yẹ kí ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ohun tí Sjur sì rí sọ ni, "Kí ló dé tí o ò bèèrè?"

Inú bí mi sí Sjur gan-an nígbà tí mo gbọ́, inú ṣì ń bí mi díẹ̀ títí dòní. Ọmọbìnrin náà bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ òkè náà tẹkúntẹkún.

Nísàlẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ Bergen yóò sì kọjá kó tó di wákàtí kan. Ìkejì gba orí afárá lọ sí òdìkejì odò. Gunnvor dúró níbẹ̀, imú rẹ̀ ti pọ́n. Ó rántí ohun tí Sjur sọ fún un, pé ẹni tí ìwúkàrà rẹ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ń lọ. Ó ní, bí bàbá yẹn ò bá lè tọrọ, èmi tí mo bà á jẹ́ lè tọrọ. Ó gba orí afárá.

Ilé àkọ́kọ́ tó kàn ni ti Borghild. Opó ni, ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Gunnvor jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀, ó ṣàlàyé látòkè délẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Dúró ná," Borghild sọ. "O se ìwúkàrà Brynjulv bí ẹni ń se ìbọ̀sẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Borghild bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gunnvor ò mọ̀ bóyá kí òun dìde. Nígbà tí ìyá náà rí èémí mí, ó lọ sí ìdí fìríìsà, ó ta ẹja tútù síwá sẹ́yìn, ó sì fa ìgò kan yọ. Ìpẹ́pẹ́ gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀.

"Gbà. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, tiwọn ni."

"Tiwọn báwo?"

"Ọdún kan wà tí ooru mú débi tí ìwúkàrà tèmi kú. Ọkọ mi ní kí n lọ bá Brynjulv. Mo ní, èmi? Kí n lọ tọrọ lọ́wọ́ ahun? Ọjọ́ kejì ni Åsne wọlé tọ̀ mí wá, ó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ ṣọ́ọ̀lù. Ó ní, 'Borghild, gbà, má sọ fún ọkọ mi. Ohun tó bá wà nílé kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ni yóò tán.' Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àtìgbà yẹn, ọtí Brynjulv ni mò ń pọn nílé mi."

Gunnvor gbé ìgò náà mọ́ àyà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún yìí kì í ṣe tàkọ́kọ́. Borghild fún un ní ọbẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ó ní ojú ọ̀nà ti ń yọ̀, kó di òwúrọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gunnvor pàdé Sjur lórí afárá. Ọkùnrin náà kò dé fìlà, ó ń sáré lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ti pè é títí, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ Gunnvor ti kú látàná. Bó ṣe rí i, ó dúró gbọnrangandan.

"Mo rò pé o ti lọ. Mo ń bọ̀ ní Bergen."

"Kí lo fẹ́ wá ṣe ní Bergen?"

"Kí n wá tọrọ àforíjì. Ìwọ ló yẹ kí n gbèjà, èmi wá ń bi ẹ́ ní ìbéèrè. Òmùgọ̀ ni mí, Gunnvor."

"Òótọ́ ni." Ó na ìgò sí i. "Di èyí mú, òtútù ti pa ọwọ́ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó já o, ìran mẹ́fà ló wà níbẹ̀."

Ó sọ ìtàn náà fún un. Sjur gbọ́, ó di ọmọbìnrin náà mọ́ra pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Jẹ́ ká kàn dà á sínú àgbá. Bàbá ò ní mọ̀. Tó bá gbọ́ pé Màmá…"

"Rárá, aláriwo mi. Mo ti ṣe nǹkan kan nínú ilé yẹn láìsọ fún wọn. Ó tó."

Brynjulv jókòó sí ìdí tábìlì, kọfí rẹ̀ ti tutù níwájú rẹ̀. Gunnvor kí i, ó gbé ìgò síwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀lù. Sjur dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú bàbá rẹ̀.

Bàbá náà ṣí ìgò, ó gbé e sí imú. 

"Åsne," ó sọ.

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sjur rò pé ẹkún ni, ẹkún sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pọ̀ jù. "Obìnrin yìí! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún Borghild pé ọtí rẹ̀ ò lè dà bíi tèmi láé. Á wò mí báyìí, á ní, 'O ò purọ́, Brynjulv.'" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Sjur, lọ dáná."

Wọ́n pọn ọtí náà lọ́jọ́ yẹn. Kí ọjọ́ Tọ́másì Mímọ́ tó dé, ó ti ń hó nínú àgbá bí ó ṣe ń hó láti ayébáyé, òórùn ọsàn sì gba gbogbo ilé.

Ní alẹ́ Kérésìmesì, lẹ́yìn tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún ní aago márùn-ún, mẹ́rin ni wọ́n jókòó: Brynjulv, Sjur, Gunnvor, àti Borghild, tí Brynjulv fúnra rẹ̀ rìn kọjá odò lọ pè. Ìhà àgùntàn oníyọ̀ ni Gunnvor sè, bíi ti gbogbo ilé tó kù. Brynjulv wo àwo, kò rí ohun tuntun kan níbẹ̀. Ó jẹ ẹran. Gunnvor ti rẹ ẹ́ sómi pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ lọ, kí iyọ̀ má bàa pa adùn ọtí. Ó mu ọtí. Ó bu kålrot, ìyẹn gbòǹgbò kan tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gún kúnná, ó jẹ ẹ́, ó dáwọ́ dúró.

"Kí lo fi sínú èyí?"

"Omi ọtí yín ni, Bàbá, èyí tó ládùn kí ìwúkàrà tó wọ inú rẹ̀. Mo sè é títí ó fi ki. Mo sì bèèrè lọ́wọ́ Sjur kí n tó bù ú."

Brynjulv tún mu ọtí, ó tún jẹ kålrot. Nígbà tó yá, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ó bára mu," ó sọ. "Bí ẹni pé inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti wá." Ó wo àwo rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. "Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn kọ́ ló dùn mí jù, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé wàá mú Sjur lọ. Ilé yìí tóbi jù fún ẹnì kan."

"Ta ló ní mò ń lọ?" Gunnvor fèsì. "Láti oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa dúró. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, Bàbá. Mo fẹ́ràn ibí."

Borghild fi síbí kan tábìlì. "Sjur, àbí kí n bá ẹ bèèrè ni?"

Sjur dìde, orókún rẹ̀ gbá tábìlì, ọtí fọ́n dànù díẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n ju irun rẹ̀ lọ. "Gunnvor, oníṣọ́bìrì mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ."

Sjur ti gbàgbé láti jókòó. Omi bọ́ lójú Brynjulv, kò sì gbìyànjú láti fi í pa mọ́. Ó gbé àwo rẹ̀, ó nà án kọjá tábìlì sí ọmọbìnrin náà.

"Ìyàwó wa," ó sọ, "bu díẹ̀ sí i fún mi."